Ilẹ̀kùn Tí Màmá Kò Lè Ṣí

Gbogbo ará ilé Jàfárù ní Baruwa ló ti mọ ọgbọ́n ilẹ̀kùn pálọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn onírin ni, irú èyí tí èèyàn máa yí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí irin márùn-ún á yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tó ṣì tuntun, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àfi kéèyàn fi èjìká tì í, kó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè, kó tó lè yí kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá Fàthíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa tún ilẹ̀kùn yìí ṣe," ni Sìdíkátù, ìyàwó Jàfárù, wí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. "Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ mi, ó ti fẹ́ tẹ̀."

"Ṣebí ó ń ṣí? Ìwọ náà ṣá ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Tì í, gbé e, yí i. Ó parí."

"Ó ti ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da òróró sí i lánàá, jàre. Ó máa rọ̀."

Òróró ẹ̀pà tí wọ́n fi ń dín dòdò ló ń wí. Jàfárù gun ọ̀kadà rẹ̀, ó forí lé Ìgandò níbi tó ti ń ṣe àga tìmùtìmù. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lápò rẹ̀. Láti ìgbà tí olè ti wọ ilé kan ní òpópónà kejì ló ti ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn náà láti ìta.

Màmá Jàfárù, Àtọ́kẹ́, ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó wá wo Fàthíà, ọmọ oṣù mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó kọ́ Màmá ní ọgbọ́n ilẹ̀kùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, Sìdíkátù, tó jẹ́ aránṣọ, fẹ́ gbé aṣọ oníbàárà kan lọ sí ilé kẹta.

"Màámi, mo gbé ẹ̀wà kaná o. Mò ń bọ̀ báyìí báyìí. Kí n ti ilẹ̀kùn kí ẹ lè sinmi?"

"Tì í, ọmọ mi. Èmi àti ọkọ mi kékeré fẹ́ sùn."

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n aṣọ dá Sìdíkátù dúró díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó padà dé, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó gbé e, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò lọ. Ó tún fi agbára yí i. Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni òórùn ẹ̀wà tó ń jóná gba ojú fèrèsé jáde.

"Màámi! Màámi!"

Màmá jí, ó ń wúkọ́. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti inú, ó fà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn kò mira. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé, àgádágodo sì wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ bú sẹ́kún. Sìdíkátù figbe ta, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé ni Fisáyọ̀, obìnrin ará Èkìtì tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wọn. Iṣẹ́ fífi ilẹ̀kùn onírin sí ilé ló ń ṣe, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Màmá, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ná!" ló kígbe láti ojú fèrèsé. "Ẹ lọ pa gáàsì!"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á o!"

"Ẹ di kókó orí agolo gáàsì ńlá yẹn mú, kẹ́ ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni ń dé ìgò."

Màmá wọ ilé ìdáná lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn Màmá dé: "Iná ti kú!"

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé ọmọ wá sídìí fèrèsé yìí. Ṣé kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú ilé?"

"Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n," ni Sìdíkátù dáhùn.

Màmá na kọ́kọ́rọ́ náà sí wọn láàárín irin fèrèsé. Sìdíkátù fa èyí tó tẹ̀ yọ, ó sì ti èkejì bọ ihò. Aládùúgbò kan ti gbé òòlù ńlá dé, ó fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbá a," ni Fisáyọ̀ wí. "Tí ẹ bá gbá a, àwọn irin yẹn lè há pátápátá. Tí ọgbọ́n tèmi ò bá ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá gbá a."

Ó ti ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn gbéra sókè díẹ̀.

"Ìyá Fàthíà, rọra yí i báyìí. Má fi ipá ṣe é."

Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀kùn ṣí, èéfín sì rọ́ jáde. Màmá tẹ̀ lé e pẹ̀lú Fàthíà láyà rẹ̀. Sìdíkátù gbá àwọn méjèèjì mọ́ra, ó ń sunkún.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹ̀wà nìkan ló jóná."

Wọ́n pe Jàfárù, ó sáré dé. Ó wo ìkòkò tó dúdú, ó sì wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ilẹ̀kùn ni kó o bá mi tún ṣe."

"Mo máa ra lọ́ọ̀kì tuntun. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n gé irin ìsàlẹ̀ kúrò."

"Ẹ dúró ná," ni Fisáyọ̀ wí. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó yí kọ́kọ́rọ́. Irin márààrún yọ wẹ́rẹ́, wọ́n sì wọlé padà wẹ́rẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Lọ́ọ̀kì yìí ò ní àrùn kankan. Ilẹ̀kùn ló ti sọ̀ wálẹ̀, irin ò bá ojú ihò rẹ̀ pàdé mọ́. Ẹ wo ibi tó ti ń ha ilẹ̀."

Ó mi híńjì òkè tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú.

"Ilẹ̀kùn yìí wúwo. Bí ẹ ṣe ń fi èjìká tì í lójoojúmọ́, ẹ̀ ń bà á jẹ́ sí i ni."

"Tó bá wá le nígbà tó wà ní ṣíṣí ńkọ́?" Jàfárù béèrè.

"Ìgbà yẹn la máa mọ̀ pé inú lọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má tú u fúnra yín."

Wọ́n ti igi bọ abẹ́ ilẹ̀kùn láti gbé e sókè, Jàfárù sì fi sípánà de gbogbo nọ́ọ̀tì híńjì pinpin. Fisáyọ̀ fi àkísà nu òróró ẹ̀pà kúrò, nítorí ó ti ki, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Sìdíkátù mú òróró máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá, wọ́n fi díẹ̀ pa irin márààrún. Ihò kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọn kò da òróró sí. Lẹ́ẹ̀dì, dúdú inú pẹ́ńsù, ni Fisáyọ̀ lọ̀ kúnná, tó fi pa ara kọ́kọ́rọ́ kó tó tì í bọ ihò.

Jàfárù tún yọ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Inú ilé ló ti ń fi àgádágodo náà tì í báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó níbi tí ọwọ́ ará ìta ò lè tó.

"Màámi, ẹ wá dán an wò."

Màmá yí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ó tì í, ó tún ṣí i, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tó ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó pọn Fàthíà, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Iwájú ilé Fisáyọ̀ ni wọ́n ti lọ bá a, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó sì ń ròyìn Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ilẹ̀kùn yín bá ti ń fẹ́ kí ẹ gbé e kó tó gbọ́, ó ti ń ké sí yín nìyẹn. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ wò. Bó bá rọ̀, ẹ yẹ híńjì wò. Bó bá le, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má fi ipá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má sì da òróró oúnjẹ sí i. Ẹ má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nígbà tí iná wà lábẹ́ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kejì máa wà tí ẹni tó wà nínú ilé lè gbà jáde. Bí èéfín bá sì ká èèyàn mọ́lé, ẹ tètè pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé dán ilẹ̀kùn yín wò lónìí. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ẹ tún un ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.