Àmì Orí Kù

Lẹ́tà tó ti ọ́fíìsì físà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tù yín nínú." Ògbufọ̀ wọn ló kọ ọ́ ní Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ìyá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kẹ́dùn ń bẹ láàyè ní yàrá kejì, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, ó ń fi orin ìsìn sẹ́nu.

Atẹ̀wé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọdún mẹ́fà ló ti ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo, tó ń gbọ́ ohùn àwọn dókítà òkèèrè, tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Físà tó ń wá ni èyí tí yóò lè fi máa gbé òkè òkun, kó máa ṣe iṣẹ́ yìí kan náà lọ. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ta ni yóò tọ́jú ìyá arúgbó? Nígbà tí fọ́ọ̀mù tún bi í pé àwọn wo ló ń fi sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà láìfàmì sí i: "Iya mi nikan lo ku nile." Òun ń sọ ẹni tó ṣẹ́kù. Ògbufọ̀ ka ẹni tó ṣaláìsí.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti kú o!"

"Orí mi kọ̀ ọ́! Kí wọ́n jẹ́ kí n lọ aṣọ tán ná."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ojú atẹ̀wé wà: nítorí pé kò ní ẹni tó ń tọ́jú mọ́, wọ́n ti fún un ní físà. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Tó bá dé ọ̀hún, yóò tún àṣìṣe náà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kí aládùúgbò lójú fèrèsé, ìyẹn kò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, tíì gbígbóná tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, atẹ̀wé yọjú sí yàrá kejì. Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀ lórí aṣọ. Orin ń dún. Kò rí ọwọ́ tó dì í mú.

"Màmá?"

"Mo wà ńbí," ni ohùn náà dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣé o ò rí mi ni?"

Ó sáré padà sórí àga rẹ̀. Kí físà máa lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣàṣìṣe. Ìyá mi kò kú. Ìyá mi nìkan ló kù nílé."

Èsì dé kó tó mí: "A ti tún un ṣe bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ìyá yín nìkan ló kù nílé."

Ó gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù balẹ̀. Màmá wọlé, ara rẹ̀ ti hàn kedere, ó gbé aṣọ tó ti ká lọ́wọ́.

"Màmá! Ọlọ́run ṣeun!"

Màmá kò wojú rẹ̀. Ó gbé aṣọ náà lé ibi tí itan ọmọ rẹ̀ wà. Aṣọ náà kò dúró lórí itan, ó là á kọjá. Orí àga ló balẹ̀ sí.

"Ẹ ń lẹ́ o, Màmá!" Aládùúgbò ló yọjú lójú fèrèsé. "Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ó ti lọ." Màmá rọra pa kọ̀ǹpútà dé. "Ó ku èmi nìkan."