Àwòrán Tó Wà ní Pálọ̀ Ọ̀gá

“Gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ó tó bẹ́ẹ̀!”

Tẹ́ẹ́rẹ́ di àwòrán náà mú mọ́ ògiri títí Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, fi kan ìṣó tán. Iṣẹ́ Àǹtí ni kí ó máa ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, pálọ̀ tuntun ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì wà. Àwòrán ìgbàlódé ni: kò jọ ènìyàn, kò jọ igi, àwọ̀ búlúù àti pupa ń lé ara wọn káàkiri.

“Ta ló da ọ̀dà síbí?” ọkọ ọ̀gá béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Dádì, ẹ má dójú tì mí o!” Ọ̀gá yíjú sí Àǹtí. “Ta ló yà á?”

“Gbajúgbajà ayàwòrán kan lókè òkun ni, mà.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ya àwòrán náà, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọlọ́dà nítorí pé ọ̀dà kì í tán léèékánná rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pé Àǹtí yóò fi í han àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n Àǹtí ló ń tọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ń rán an níléèwé. Àǹtí ṣẹ́jú sí i. Tẹ́ẹ́rẹ́ dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá fẹ́ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán yóò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ Ọlọ́dà, ojú rẹ̀ le koko.

“Olè! Iṣẹ́ ayàwòrán òkè òkun tó wà ní pálọ̀ mi lo wò yà!”

“Èmi ni mo ya ìyẹn náà, mà. Ẹ bi Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́, sọ̀rọ̀ o!”

Tẹ́ẹ́rẹ́ wolẹ̀. “N ò mọ nǹkan kan, mà.”

Ọ̀gá wọ́gi lé orúkọ Ọlọ́dà, ó sì kọ ti ẹlòmíràn.

Nílé, ohùn Ọlọ́dà tó ní “Sọ̀rọ̀ o!” kò kúrò létí Tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé Àǹtí lè lé òun jáde. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀ ti lọ láàárọ̀ yìí. Wọn kò ní gba orúkọ míràn mọ́.”

Ọlọ́dà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

“O ṣeun,” ó wí, kò rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n àná ni mo nílò ẹnu rẹ.”

Àǹtí ló parọ́, kò sì sí àwáwí kan fún àgbàlagbà tó rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Síbẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló fún irọ́ náà ní àyè jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ òtítọ́ nígbà tí ó ṣì lè gba ẹnìkan sílẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ọkàn ẹni tó dákẹ́ nìkan ni yóò fúyẹ́. Ọwọ́ ẹni tí a rẹ́ jẹ yóò ṣófo síbẹ̀.