Bọ́ọ̀lù Òdiwọ̀n

"Èmi nìkan ni mo ronú kàn án, sà."

Ohùn Jùwọ́nlọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ni Salome gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo inú yàrá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ àánú ni; òórùn tùràrí ìjọ ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ọjọ́ méje ni òun àti ìyá àgbà rẹ̀ fi gbààwẹ̀ nínú ọgbà ìjọ Aládùúrà wọn ní Erinje, nítorí ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó wú. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ àánú kì í mú fóònù dání, kì í sì í jáde títí ọjọ́ yóò fi pé.

Lórí tábìlì ni ẹ̀rọ tí òun àti Jùwọ́nlọ́lá jọ fi oṣù méjì ṣe wà. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, olùkọ́ kẹ́mísírì, ń kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù ìdíje. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó kọ, ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde gba ilẹ̀kùn kejì.

Salome wọlé. "Jùwọ́n, ta ló nìkan ronú kàn án?"

Jùwọ́nlọ́lá ta gìrì. "Áà! O ti dé? Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ìyá àgbà ti ń rìn. Dá mi lóhùn."

"Salo, òní ni fọ́ọ̀mù parí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, ẹni tó bá sì gbégbá orókè, wọn á rán an lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ wà nínú ààwẹ̀. Ta ló mọ ọjọ́ tí wòlíì máa tú yín sílẹ̀?"

"Ìwọ mọ̀. Ìwọ lo sìn wá dé ẹnu géètì. Ìwọ lo ru ẹní ìyá àgbà."

Jùwọ́nlọ́lá wolẹ̀. "Má bínú. Tí mo bá débẹ̀, mi ò ní gbàgbé ẹ."

Salome wo fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀; wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ tán.

Òun gan-an ló ronú kan ẹ̀rọ náà. Olùkọ́ ti kọ́ wọn pé àwọn átọ́ọ̀mù èròjà kan náà lè má wúwo bákan náà, nítorí pé niútírọ́ọ̀nù, ègé kékeré àárín átọ́ọ̀mù, inú òmíràn pọ̀ ju ti èkejì lọ. Áísótóòpù ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò sí ìwọ̀n ọjà tó lè wọn átọ́ọ̀mù kan, nítorí náà àwọn onímọ̀ a fi agbára iná sára wọn, wọn a sì jẹ́ kí wọ́n sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà. Èyí tó fúyẹ́ yóò yà gan-an. Èyí tó wúwo yóò yà díẹ̀. Ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni yóò sọ bí ó ti wúwo tó.

Amọ̀ ni Salome fi mọ bọ́ọ̀lù tirẹ̀, gbogbo wọn tóbi dọ́gba. Ó fi ègé ìṣó kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òòfà lè rí nǹkan fà. Lẹ́yìn náà ó fi òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n sí i: òmíràn kò gba nǹkankan, òmíràn gba ẹyọ kan, òmíràn méjì, òmíràn mẹ́ta. Wọ́n á yí gba orí ọparun tí a là, wọ́n á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà tí ó tú lára sípíkà ìjọ tó bàjẹ́, wọ́n á sì balẹ̀ sórí páálí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan wà tó ní àmì funfun, tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré. Òun ni òdiwọ̀n. Òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí, kí wọ́n lè fi ibi tó bá balẹ̀ sí díwọ̀n àwọn yòókù, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi áísótóòpù tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù méjìlá díwọ̀n átọ́ọ̀mù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, Salome kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu kì í ṣe àdúrà. Ó dìde, ó mọ bọ́ọ̀lù tuntun, ó fi ègé ìṣó àti òjé mẹ́ta sí i, ó kun àmì funfun sí i lára. Ó yọ́ wọ yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì pààrọ̀ òdiwọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìdíje kún ní Òkìtìpupa; Salome àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà wá wòran. Jùwọ́nlọ́lá yí òdiwọ̀n, ó fi ìlà sí ibi tó balẹ̀ sí. Adájọ́ ìdíje, Dókítà Tẹjúmádé, fi ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀lù yòókù lé e lọ́wọ́. "Òjé mélòó ló wà nínú èyí, ọmọ mi?"

Bọ́ọ̀lù náà yí, ó yà kọjá ìlà dáadáa. "Ó fúyẹ́ ju òdiwọ̀n lọ, má. Kò sí òjé kankan nínú rẹ̀."

Adájọ́ fọ́ ọ. Òjé méjì já bọ́.

"Òjé ti bí ìbejì!" ni akẹ́kọ̀ọ́ kan kígbe, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Jùwọ́nlọ́lá kó ègé amọ̀ náà jọ. Ó wá ojú Salome láàrin èrò. "Salo, jọ̀ọ́, gbà mí. Kí ni mo ṣì ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Salome lè jókòó mọ́. Ó dìde. "Má, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ́ òdiwọ̀n. Òjé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà di orí mú. "Salome! Kí ló dé?"

"Èmi ni mo ronú kan ẹ̀rọ yẹn, sà, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Jùwọ́nlọ́lá yọ orúkọ mi nígbà tí mo wà nínú ààwẹ̀."

Dókítà Tẹjúmádé yí sí Jùwọ́nlọ́lá. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Jùwọ́nlọ́lá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín dára," ni adájọ́ sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn àti ẹni tó ba òdiwọ̀n jẹ́, a kò lè gba èsì lọ́wọ́ wọn." Ó fagi lé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan láti Iyansan ló gba ipò kìíní.

Nínú ọkọ̀, ìjókòó kan ni wọ́n jókòó sí, síbẹ̀ àyè tó wà láàrin wọn gba ènìyàn mìíràn.

"Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́," ni Jùwọ́nlọ́lá wí.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Salome dáhùn.

Nígbà tó ròyìn nílé, ìyá àgbà kò pariwo. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ni ṣe. Ó dùn ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ìwọ fi ẹjọ́ sun olùkọ́ yín, orúkọ rẹ ì bá wọ inú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀san ló yá ọ lára ju òtítọ́ lọ."

Salome sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ lè dà yín, yóò sì dùn yín dé egungun. Ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tó lè tún un ṣe, kí ẹ sì fi ẹ̀san lé Olúwa lọ́wọ́. Ẹni tó dà ọ́, Ọlọ́run rí i. Bí ìwọ náà bá dà á padà, Ọlọ́run kan náà ló ń wò ọ́.