Àna Ni Mí Tàbí Dókítà?

“Dókítà, ṣé ẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí tán ṣá?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àṣàbí bá mi sọ nìyẹn, lọ́dún 1955, ní ilé ìwòsàn ìjọ n'Ìkẹ́rẹ́. Tíṣà ni. Àdá ló ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko kòkó bàbá rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, irùngbọ̀n kò tíì kún mi lẹ́nu, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

“Mo kọ́ ọ tán,” ni mo dá a lóhùn. “Ẹ̀yin lẹ kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú.”

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi rán ojú ọgbẹ́ náà tán. Ogójì ọdún ni mo wá lò lẹ́yìn náà ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, àgbà sì ti dé, n kò ní í purọ́: mo máa ń ní kó padà wá fi ẹsẹ̀ hàn mí nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é mọ́.

Àwọn èèyàn mi wá láti Emùré, wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Bámijókò. Wọ́n gbà. Bí mo bá ti rí ìyá rẹ̀ lọ́nà, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbáà jẹ́ nínú ẹrẹ̀.

“Dìde, àna mi,” ni màmá á wí. “Aṣọ funfun tìẹ ni wọ́n máa fọ̀, kì í ṣe tèmi.”

Àfi bí Àṣàbí ṣe wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò rẹ́rìn-ín.

“Bọ́dúndé, kókó kan wà lọ́yàn Yèyé mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi pamọ́. Àná ni mo ká a mọ́ ibi tó ti ń wẹ̀.”

“Ó tóbi tó kí ni?”

“Ó tó orógbó.”

“Ṣé ó ń dùn ún?”

“Kò dùn ún rárá.”

Èyí tí kì í dunni yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù.

“Mú wọn wá lọ́la, Àṣàbí mi.”

“Kò ní í wá. Ó ní àna kì í rí ọyàn ìyá ìyàwó. Ó ní kí òun tó tú aṣọ níwájú rẹ, òun á kúkú kú.”

Dókítà òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ sinmi nílé wọn, ó di oṣù mẹ́fà sí i kó tó padà. Èmi nìkan ló kù. Mo sáré lọ bẹ màmá pé kí wọ́n lọ sí Ìbàdàn.

“Ta ni mo mọ̀ n'Ìbàdàn? Bí mo bá máa kú, ulé mi ni mo máa kú sí.” Wọ́n fi ìborùn bo àyà, wọn kò wo ojú mi. “Bó o bá jẹ́ dókítà mi, o ò lè jẹ́ àna mi. Bó o bá jẹ́ àna mi, o ò lè jẹ́ dókítà mi. Mú ọ̀kan.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè mú ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí mò ń rò ni pé kókó yẹn tún ti tóbi sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, Àṣàbí dé.

“Bí o kò bá yọwọ́, Yèyé mi á kú.”

“Bí mo bá yọwọ́ ńkọ́? Kí ni màá ṣe láìsí ìwọ?”

Ó bú sẹ́kún. “Yọwọ́, olólùfẹ́ mi. Mo bẹ̀ ọ́.”

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. N kò fẹ́ Àṣàbí mọ́.”

Bàbá fò dìde. “Kí ni ọmọ mi ṣe fún ọ?”

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn nìkan ló fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú kànìnkànìn àti ìró kan lábẹ́ apá.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn rí, lójú ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ náà kò sí ọ̀gá. Mo gé ọyàn òsì kúrò. Ibà wá gbé màmá dè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo rò pé mo ti pa ìyá ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé.

Àṣàbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. “Ẹ káàárọ̀, sà,” ló ń kí mi. Èmi tó ń pè ní olówó orí mi! Mo sì gbọ́ pé Adéyínká, ọ̀gá ilé ìwé wọn, ti ń rán èèyàn sí bàbá rẹ̀. Owú jẹ mí débi pé ìwé ìwọ̀n ibà nìkan ni mò ń wò bó bá ti ń kí mi.

Ibà náà lọ, ọgbẹ́ jinná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, màmá wá sílé mi, Àṣàbí tẹ̀ lé wọn. N kò mọ̀ bóyá kí n dọ̀bálẹ̀ ni tàbí kí n ní kí wọ́n jókòó. Mo kàn dúró gbagidi.

“Dókítà, ọyàn tí o rí dà?”

“Mà?”

“Mo ní èyí tí o rí dà?”

“Mo gé e, mà.”

“Ṣé ó ṣì wà lára mi?”

“Kò sí mọ́, mà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí tó kù ńkọ́, ṣé o rí i?”

“Rárá, mà. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ bò ó.”

“Kí lo wá rí lára mi? Dọ̀bálẹ̀ jàre!”

Mo dọ̀bálẹ̀ débi pé àgbọ̀n mi gbá ilẹ̀. Àṣàbí ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àwọn èèyàn mi padà wá bẹ bàbá rẹ̀, a sì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún náà tó parí.

Lọ́dún 1959, lọ́jọ́ ìsinmi kan, màmá pè mí sí yàrá wọn. Oyún kejì wà nínú ìyàwó mi. Wọ́n ní kó dúró síta. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tú ìró, wọ́n ṣí ọyàn tó kù sílẹ̀.

“Ojú kò tì mí mọ́. Ọyàn ìyá kì í ṣe èèwọ̀ fọ́mọ. Wò ó dáadáa, kí o sọ òótọ́ fún mi.”

Mo wò ó. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé abíyá. Ó ti tàn kálẹ̀, kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí i mọ́. Mo lanu, òótọ́ kò jáde, omi ló ń dà lójú mi.

“Ó ti tó, ọmọ mi,” ni màmá wí. “Má tíì sọ fún Àṣàbí, jẹ́ kó bí èyí tó wà nínú rẹ̀ ná. Wá bá mi so ìró mi.”

Mo bá wọn so ó.