Ẹ Kú Ìjókòó

Abẹ́ igi dógóńyárò tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ni Abdulganiyu ti kọ́kọ́ rí Àsíátù. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ẹní, ìborùn rẹ̀ tó pupa bí osùn ti sún kúrò lórí, ó sì di ọwọ́ obìnrin kan mú. Ọyẹ́ oṣù kìíní ọdún 1980 ń fẹ́ eruku Zaria sí wọn lára, kò sì sí èyí tó gbọ̀n ọ́n nù nínú wọn.

Abdulganiyu, tí gbogbo àdúgbò Sabon Gari ń pè ní Gàníyù, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìlera. Fáìlì kan ló gbé wá. Ilé ìwòsàn náà ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún obìnrin kan tó ń jókòó ti àwọn tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára. Ọ̀gá Gàníyù wo ìwé náà títí, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé: "Kí ni wọ́n ń pè ní jíjókòó?" Ní ọ́fíìsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba owó oṣù lórí ìjókòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀, ìbéèrè náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Gàníyù lọ wò ó wá.

Zaria ni wọ́n bí Gàníyù sí, Hausa sì yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nígbà tó rí obìnrin tó wọ aṣọ wọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ dùn pé òun rántí bí àwọn ará Ìlọrin ilé àwọn ṣe ń kí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ríba, ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á dá a sí!"

Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Àsíátù dìde, ó fa Gàníyù lápá aṣọ lọ sí ẹ̀yìn igi.

"Haba! Ta ló kọ́ yín ní Yorùbá?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ lọ bá a kó wá parí ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ò sí níbẹ̀. Oyún oṣù méje ló wálẹ̀ lánàá."

Ojú ti Gàníyù débi pé fáìlì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wallahi, mi ò mọ̀. Kí ló yẹ kí n sọ?"

"'Ẹ kú ewu.' Ibẹ̀ lẹ máa dúró. Òun fúnra rẹ̀ ṣáà bọ́ nínú ewu. Kò sẹ́ni tó ń kí irú wọn, torí pé kò sí ọmọ tí àlejò máa gbà gbé."

Gàníyù padà lọ bá obìnrin náà, ó lóṣòó, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́.

Ìròyìn tí ọjọ́ kan tó fún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Gàníyù fi ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń ra màsà ìrẹsì gbígbóná bọ̀, ó sì ní kí Àsíátù máa kọ́ òun ní ìkíni kọ̀ọ̀kan.

"Olùkọ́ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá jókòó bíi tìrẹ yìí?"

"Ẹ kú ìjókòó."

"Tóò! Yorùbá ní ìkíni fún un, ìjọba ni kò ní owó fún un."

Àsíátù rẹ́rìn-ín, Gàníyù sì rí èjí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkàn rẹ̀ fà sí i lọ́jọ́ náà, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀.

Àsíátù sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un bí ẹni ń sọ ti aládùúgbò. Ó ti lọ́kọ ní Dakace rí. Oyún mẹ́ta ló wálẹ̀. Orí ibùsùn wọ́ọ̀dù yìí ló wà ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí àwọn ará ilé ọkọ fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Sister Clara, bọ́ bàtà, ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí ara Àsíátù yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá jókòó ti àwọn mìíràn. Ọdún méjì rèé. Fìlà tó ń rán tà ló fi ń jẹun. Sister Clara ló kọ̀wé sí ìjọba lórúkọ ilé ìwòsàn, torí pé ọ̀gá tuntun níbẹ̀ ti sọ pé tó bá di oṣù kẹrin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ wọ wọ́ọ̀dù mọ́ àfi lákòókò àbẹ̀wò.

Gàníyù kọ ìròyìn rẹ̀ sójú ewé mẹ́rin. Ohun tó béèrè fún kò pọ̀: òṣìṣẹ́ kan, àga méjì.

Lọ́jọ́ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ó lọ bá Àsíátù lábẹ́ igi.

"Àsíátù, mo fẹ́ kí àwa méjèèjì máa jókòó ti ara wa."

Abẹ́rẹ́ dúró lára fìlà. Àsíátù fẹ́ràn akọ̀wé yìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

"Lọ sọ fún ìyá rẹ pé mẹ́ta ló bàjẹ́ mọ́ mi lára. Ilé tí wọ́n ti ń wo ikùn mi kí wọ́n tó wo ojú mi, mi ò tún ní wọ irú ẹ̀ mọ́."

Ìyá Gàníyù ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sabon Gari, Gàníyù nìkan sì ni ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Gàníyù sọ ọ́ fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá ọmọ jiyàn. Ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó forí lé ilé ìwòsàn. Ìjọba kò tíì fèsì lórí òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n àga méjì ti dé. Màmá jókòó sórí ọ̀kan.

"Ìwọ ni Àsíátù?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"Mi ò wá bá ọ jà. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Fi ọmọ mi sílẹ̀. O ò mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí..."

Àsíátù jókòó sórí àga kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà nìyẹn.

Ìyá náà yíjú sí i.

"Mẹ́rin. Mẹ́rin ló lọ kí n tó bí i. Bàbá ẹ̀ gan-an ò mọ̀ ju méjì lọ."

"Ta ló kí yín, Màmá?"

"Kí wọ́n kí mi fún kí ni? Ṣé mo gbé ọmọ dání ni?"

Àsíátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ewu, Màmá."

Ìyá náà wò ó. Àsíátù tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dúró díẹ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ìyá Gàníyù fi etí gèlè bo ojú, ó sun ẹkún tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Wọ́n jókòó títí di ìrun Àsárì. Nígbà tí ìyá náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Sọ fún Gàníyù kó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ. Bí o bá bí, a ó yọ̀. Bí o ò bí, kò sẹ́ni tó máa kó ẹrù rẹ síta níṣojú mi."

"Ẹ ò sì ní máa wo ikùn mi, Màmá?"

"Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Wọ́n so yìgì ní oṣù kẹta, níwájú àwọn ènìyàn tí kò pé ogún. Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà ìjọba dé. Wọ́n gba Àsíátù fún ọdún kan, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ni wọ́n pè é, nítorí pé kò sí àyè fún jíjókòó nínú ìwé wọn.

"Àwọn àga yẹn ńkọ́?" ni Àsíátù bi ọkọ rẹ̀.

"Tiwa ni."

Ìyá Gàníyù gba ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ Àtàlátà ló ń fi àlùbọ́sà sílẹ̀ wá jókòó lákòókò àbẹ̀wò. Ní ọjọ́ Àtàlátà kan, Gàníyù wá mú àwọn méjèèjì lọ sílé, ó bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Bomo, tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, tó kọjú sí ògiri. Ìyá Gàníyù tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọbìnrin náà.

"O kú ewu," ló wí. "O kú ewu, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà yíjú padà sí i.

Gàníyù wo àga méjèèjì, kò sí àyè. Ó bọ́ bàtà, ó kí wọn kú ìjókòó pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.