Iná Ẹnu Púlọ́ọ̀gì

Ojú mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe, ìyàwó mi sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ sí Gbaji, kó béèrè Dosi rewáyà. Kò ní fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ ẹ.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. Ikọ́ fée gbé ọmọ wa, Ìyanuolúwa. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sì ti tán. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọsíbítù ní Àgbádárìgì. Ní Gbaji, ọkọ̀ kú, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ àtùpà pa.

Òjò ti lé àwọn ọlọ́kadà wọlé. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ń sáré kọjá; mo na ọwọ́ títí, kò sẹ́ni tó dúró. Ṣọ́ọ̀bù Dosi ló wà nítòsí. Mo ti ọkọ̀ débẹ̀.

Obìnrin Ègùn ni Dosi, wáyà ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yìí mà dàgbà jù yín lọ." Lọ́jọ́ yẹn, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ṣàwàdà.

"Tíṣà, ẹ jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má yí i títí n óò fi pè yín."

Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó so ó mọ́ wáyà rẹ̀ padà, ó fi í sinmi lórí irin ẹ́ńjìnì. Bí iná bá ń dé ibẹ̀, yóò ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì náà.

"Sítáàtì!"

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì gbọ̀n.

"Kò ta. Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.

"Kò sí nǹkan kan. Ọpọlọ ọkọ̀ yín ló kú. Ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"Títí dìgbà wo?" ìyàwó mi ké láti ẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù wo? Ẹ wo ètè ọmọ!"

Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Dosi kì í fọwọ́ kan ọpọlọ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ yọ bátìrì. Ó yọ ọ́, ó gbé e sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Púlọ́ọ̀gì ṣì sinmi lórí irin.

Pàá.

Iná búlúù.

A wo ara wa.

"Ta ló wà nídìí kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi rèé."

Pàá.

"Ó mí!" ìyàwó mi pariwo. "Bàbá Ìyanu, ó mí!"

Pàá. Ọmọ náà fa èémí. Ó dákẹ́. Pàá. Ó tún fà á.

Dosi pe Ọlọ́run lédè Ègùn. Ó fà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ gbá púlọ́ọ̀gì kúrò lára irin.

Òjò nìkan ni mo ń gbọ́.

"Kò mí mọ́! Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe?"

Dosi fi púlọ́ọ̀gì kan irin padà. Pàá. Ọmọ náà mí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi.

"Àǹtí Dosi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò."

"Mo lè dì í mú di ọ̀la, Tíṣà. Ṣé ibí ni ọsíbítù?"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí n dá a padà sínú ẹ́ńjìnì."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ìdajì Àdúrà Olúwa. Bí ọwọ́ mi ò bá yọ̀."

"Bó bá yọ̀ ńkọ́?"

Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ dá a padà."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà.

Dosi gbé púlọ́ọ̀gì. Mo gbọ́ bó ti ń yí i wọlé, irin lórí irin. Ọmọ náà ò mí. Ìyàwó mi kọjá ibi ìjọba. Sípánà já bọ́ lọ́wọ́ Dosi. Ó wá a, ó rí i. Ìyàwó mi kọjá ibi oúnjẹ.

Ẹ́ńjìnì dún.

N kò tíì wọ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́. Bátìrì wà lábẹ́ páànù, òjò ń ta sí i lára.

Ọmọ náà wúkọ́, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ lọ!" Dosi kígbe. "Kí lẹ ń wò? Ẹ lọ!"

Ní ọsíbítù, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Nọ́ọ̀sì ní ewu ti kọjá. Mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó tì í. Ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mukhtar wá kan gíláàsì.

"Ọ̀gá, ẹ pa ọkọ̀ yìí. Èéfín ń wọ wọ́ọ̀dù."

"Mi ò lè pa á."

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ló há ni?"

"Rárá."

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù. Ó ń mi orí sí mi pé kí n má pa á.

Abẹ́rẹ́ epo ti sùn sílẹ̀. Mo bẹ Mukhtar kó bá mi wá epo. Ó wò mí bí wèrè, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan dé, ó ń ráhùn.

Kó tó ṣí ìdérí, ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́.

Nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì pariwo pe dókítà.

Mukhtar da epo sí i. Ẹ́ńjìnì fà, ó gbọ̀n, ó tún gbé ohùn sókè. Nínú wọ́ọ̀dù, ọmọ kan sunkún.

Mukhtar gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n lọ wá òmíràn."