Ilẹ̀kùn Ilé Katakata

Ọjọ́ tí ojú ọkùnrin kan àti obìnrin kan kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, inú pálọ̀ ìyá ọkùnrin náà ni, ẹ̀rọ ìgékoríko ló sì wà láàárín wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ra katakata kékeré kan ni, ó ń dán gbinrin. Láti ọjọ́ náà ni tọmọdé tàgbà ti ń pè é ní Oníkatakata. Katakata ń sùn sábẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n àwọn irin tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́yìn, inú ilé ni wọ́n ń gbé. Ohun ìtúlẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù dí ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀rọ ìgékoríko jókòó sí pálọ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí, "ó wá fi irin ṣe àbúrò fún ara rẹ̀."

Nígbà tí ìyá fi orúnkún gbá irin lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà kó wá kọ́ ilé páànù kékeré sẹ́yìnkùlé. Kápẹ́ńtà wọlé. Obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, téèpù ìwọ̀n wà lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ ìgékoríko, ó wo Oníkatakata tó dúró tì í.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ni mo fẹ́ kọ́lé fún?"

Oníkatakata ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ọ pé ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kò gbọ́ ọ rí pé ó máa ń mú téèpù dání.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin yìí bá wọn katakata lónìí, Oníkatakata á tún bẹ̀ ẹ́ lọ́la kó wá wọ̀n ọ́n, bóyá ó ti dàgbà sí i.

"Katakata kì í dàgbà," ni kápẹ́ńtà wí.

"Ohun tó wà láyà mi ló ń dàgbà, ìfẹ́ mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi já bọ́ létí rẹ̀. Oníkatakata bá a mú un, kò sì dá a padà.

Ìfẹ́ ń dùn, ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà kò tíì gbà. Kápẹ́ńtà àgbà ni, òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Nígbà tí Oníkatakata lọ sọ tẹnu rẹ̀, bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Mo ti dé ilé yín. Orí irin ni mo jókòó sí. Ọkùnrin tí kò ríbi to ẹrù rẹ̀ sí, ibo ló fẹ́ to ọmọ mi sí? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìtúlẹ̀? Ẹ parí ilé páànù yẹn, n ó wá wò ó. Bí gbogbo irin bá wọlé tí ilẹ̀kùn sì tì, a ó sọ̀rọ̀. Bí kò bá tì, kó o lọ fẹ́ katakata."

Oníkatakata ò rí oorun sùn mọ́. Kápẹ́ńtà fi ṣọ́ọ̀kì ya ibùsùn irin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ilé páànù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá ń bọ̀, wọ́n tẹ́ ohun ìtúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgékoríko dúró tì í, wọ́n na kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù nàró mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Ó ku katakata. Oníkatakata ń fi ẹ̀yìn wà á wọlé, kápẹ́ńtà ń darí rẹ̀.

"Máa bọ̀. Máa bọ̀, olólùfẹ́ mi. Ó tó! Mo ní ó tó!"

Inú ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, nítorí náà katakata ní láti lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù pẹ́kípẹ́kí kí ilẹ̀kùn tó ráyè kọjá níwájú rẹ̀. Kápẹ́ńtà tì í láti inú ilé. Ó tì!

Oníkatakata pa ẹ̀rọ, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbàgbé láti fa bíréèkì. Katakata rọra yí síwájú, ó sì fi ṣọ́bìrì ńlá iwájú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbìn-ìn.

Ó sáré lọ yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀... kẹ̀... Bátìrì ti kú. Wọ́n tì í, kò mira.

Ìgbà náà ni bàbá wúkọ́ níta.

"Ilẹ̀kùn tì. Ó dáa. Àwọn ọmọ dà?"

"A wà nínú ilé, sà," ni Oníkatakata dáhùn.

"Nínú ilé wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, sà. Èmi, ọmọ yín, àti katakata."

"Ẹ jáde!"

"Kò ṣeé ṣí, sà."

Ìyá Oníkatakata, tó tẹ̀ lé bàbá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ní kó tì. Ó ti tì."

"Òpè wo ló gbé ilẹ̀kùn kọ́ kó máa ṣí sínú ilé ẹ̀rọ?" ni bàbá pariwo.

"Èmi ni, Bàbá mi," ni kápẹ́ńtà wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí síta, àlejò ló ń tì dànù."

Bàbá ń kùn níta. Ilẹ̀kùn ilé èèyàn ni bàbá ti ń ṣe láti kékeré. Kò kọ́lé fún irin rí.

"Ó parí," ni Oníkatakata sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò ní fún mi."

"Pẹ̀lẹ́. Bí inú bá ń bí i tòótọ́, kì í sọ̀rọ̀," ni kápẹ́ńtà fi tù ú nínú.

Bàbá tún wúkọ́. "Ẹ fi igi di táyà. Ọmọ, àgbékọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Gbé síkúrùdíráfà fún un. Òun ni kó tú u."

"Bàbá, mo lè—"

"Mo ní òun!"

Báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń yọ igi tó dá ilẹ̀kùn dúró níta, ó sì ń kígbe wọlé.

"Yí i sósì. Òsì! Ọwọ́ tó ò fi ń jẹun! Rọra, ṣé iṣu lò ń wà ni?"

"Rárá, sà. Ó ti yọ, sà."

"Dì í mú dáadáa, kó má wó lu ọmọ mi."

"Mo ti dì í mú, sà. Mi ò ní fi í sílẹ̀ láyé."

"Ilẹ̀kùn ni mo ní kó o dì mú!"

"Ilẹ̀kùn náà wà lọ́wọ́ mi kejì, sà."

Ìyá rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn kúrò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé bá àwọn méjèèjì, eruku kún irun wọn. Bàbá wo irin kọ̀ọ̀kan lórí ibùsùn ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó wò ó títí.

"O ò mọ ilẹ̀kùn í tú," ni bàbá wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ fún ọ, o máa ń gbọ́. Mi ò sì lé ọmọ iṣẹ́ lọ rí kó tó gba òmìnira."

"Ìgbà wo ni n ó gbà á, sà?"

"Pẹ̀lú ọmọ tèmi? Má retí ẹ̀."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló yí ilẹ̀kùn náà padà kó máa ṣí síta, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Lọ́jọ́ náà, orí àga ni gbogbo èèyàn jókòó sí ní pálọ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá wo ibi tí ẹ̀rọ ìgékoríko máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ilé yìí mà wá ṣófo jù o," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ tètè bí ẹni tó máa dí mi lọ́nà."